Ọ̀jọ̀gbọ́n E. J. Alagoa àti Ẹ̀kọ́ Ìtàn ní Port Harcourt

Nígbà tí Yunifásítì Port Harcourt dá dúró ní 1977, ọ̀kan nínú àwọn tó wá fi ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ ibẹ̀ lélẹ̀ ni Ebiegberi Joe Alagoa, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìtàn. Ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ kan àwa olùkọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n.

Nembe, ní ilẹ̀ Ijaw, ni a bí i sí ní 1933. Ó lọ sí Government College, Umuahia, ó sì gboyè nínú ìmọ̀ ìtàn ní Ìbàdàn ní 1959. Iṣẹ́ ìtọ́jú àkọsílẹ̀ ìjọba ni ó kọ́kọ́ ṣe kí ó tó lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Wisconsin ní 1966, níbi tí Jan Vansina, àgbà nínú ìmọ̀ ìtàn àtẹnudẹ́nu, ti ń kọ́ni. Olùtọ́jú ìwé wá di ẹni tí ń jókòó ti àwọn àgbà.

Àríyànjiyàn ńlá kan wà nílẹ̀ nígbà náà: kí ló gbé àwọn ìlú ọlọ́ba etí òkun dìde? Nínú ìwé K. O. Dike (1956) àti ti G. I. Jones (1963), òwò àwọn òyìnbó ni ó gba iwájú. Alagoa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1970 ó ṣàlàyé pé àwọn ará etí omi ti ń fi iyọ̀ àti ẹja gba irè oko lọ́wọ́ àwọn ará òkè kí ọkọ̀ Potogí tó gúnlẹ̀. Pacheco Pereira, ará Potogí, pàápàá kọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún pé ọkọ̀ tó ń gba 80 ènìyàn ń kó iṣu àti ẹran wá láti òkè odò, pé iyọ̀ ni wọ́n ń rà lọ. Ìyókù ẹ̀rí wà lẹ́nu àwọn àgbà.

Ṣùgbọ́n ẹnu àgbà méjì lè tako ara wọn. Ìdí nìyí tí Alagoa fi fẹ́ kí ìtàn, èdè àti ohun àwárí inú ilẹ̀ jọ jẹ́rìí. Kay Williamson, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè Ijaw tó kú ní 2005, wà ní Port Harcourt kan náà. Bí a bá fi àwọn ẹ̀ka-èdè wéra, a lè mọ àwọn tó kọ́kọ́ yapa. Ìwé tí òun àti àwọn awalẹ̀pìtàn jọ ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1988. Lójú tèmi, àwa tí a ń kọ́ oríkì orílẹ̀ ní kíláàsì máa ń dúró sórí ẹwà èdè jù. A kì í sábà bèèrè ibi tí àwọn ìlú inú rẹ̀ wà.

Ní 1986, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn yìí kan náà tẹ àkójọ òwe Nembe jáde, ní èdè Nembe, pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀.