Ṣọ́jà tó ti ojú ogun dé: bí a ṣe lè gbà á lọ́wọ́ èrò ikú

Àjọ Ìlera Àgbáyé (OMS) sọ pé lọ́dọọdún, èèyàn tó lé ní 700 000 ló ń gba ẹ̀mí ara wọn. Ṣọ́jà wà lára àwọn tó yẹ ká máa ṣọ́, àti ẹni tó ti fẹ̀yìn tì.

Ní Kútọ̀nú, ibùdó àwọn ṣọ́jà ojú omi wà lẹ́bàá èbúté. Kí wọ́n tó ṣí èbúté yìí ní 1965, wharf ni àwọn ọmọ Dahomey tó ń lọ jagun fún Faransé ń gbà wọ ọkọ̀. Ogun tòde òní wá sún mọ́lé. Opération Mirador, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2022, kó nǹkan bí 3 000 ṣọ́jà lọ sí àríwá. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin 2025, ìjọba ní 54 nínú wọn kú ní igbó W.

Àwọn tó yè ńkọ́? A máa ń kí wọn káàbọ̀, ó parí. Ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú lójú rẹ̀ lè máa bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí òun kò bá a lọ. Bẹ́ẹ̀, àwa Yorùbá ní òwe kan tí a fẹ́ràn jù: ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa á létí irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Tí kò bá sùn mọ́, tó ń sá fún èèyàn, tí sódábì ń pọ̀ sí i, tó ń pín ẹrù rẹ̀ fúnni, tàbí tó ní "mo ti di ẹrù sí yín lọ́rùn", ẹ bi í ní gbangba, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ẹ̀yin méjì péré: "Ṣé ó ń ṣe ọ́ bíi kí o pa ara rẹ?" Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù pé ìbéèrè yìí ló máa fi èrò náà sí i lọ́kàn. Rárá o. Àwọn oníṣègùn ti yẹ̀ ẹ́ wò: kì í fi sí i, ó máa ń tú u lára ni. Ẹ gbọ́ ọ tán, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sọ pé "ọkùnrin kì í sunkún".

Tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ gbé ìbọn àti ohun eléwu kúrò nílé. Ṣọ́jà ẹgbẹ́ rẹ̀ lè bá yín tọ́jú ìbọn náà. Ẹ mú un lọ sí hôpital de zone tó sún mọ́ yín lọ́jọ́ náà gan-an. Ní Kútọ̀nú, ọsibítù àwọn ṣọ́jà wà ní Camp Guézo, ti àrùn ọpọlọ sì wà ní Jacquot. Tó bá tibẹ̀ dé, ẹ ṣì máa bẹ̀ ẹ́ wò, torí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọsibítù máa ń le.