Olùkọ́ adelé ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó

Olùkọ́ adelé ni ẹni tí ó ń dí àlàfo olùkọ́ tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́: ẹni tí ó lọ ìsinmi ìbímọ, tí ó ṣàìsàn, tàbí tí ó fẹ̀yìn tì tí ìjọba kò sì tíì fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, tí wọ́n jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ méjì ní Àkókó, Ìpínlẹ̀ Òǹdó, ìwé ẹ̀rí tí ó yẹ kí adelé ní kò yàtọ̀ sí ti olùkọ́ mìíràn.

Ìlànà Orílẹ̀-èdè lórí Ètò Ẹ̀kọ́ ka NCE sí ìwé ẹ̀rí tí ó kéré jù lọ fún olùkọ́. Ẹni tí ó gboyè yunifásítì nínú ìmọ̀ mìíràn ní láti fi PGDE kún un. Lẹ́yìn èyí ni ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, ìgbìmọ̀ tí Òfin 31 ti ọdún 1993 dá sílẹ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ju 800,000 lọ, àwọn tí kò gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ rárá ni wọ́n sì fi kún àwọn olùkọ́ tí ó wà nílẹ̀. Adékúnlé Ajáṣin, tí ó kọ ìwé àbá ètò náà, jẹ́ olùkọ́ fúnra rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni yunifásítì Àkùngbá, tí ó wà láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, ń jẹ́. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ sì wà níbẹ̀.

Nínú ìṣe, adelé kì í sábà wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba. SUBEB ni ó ń gba olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, TESCOM ni ti girama, ṣùgbọ́n ìgbanisíṣẹ́ wọn kì í yá tó àlàfo tí ó ṣí. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ a kọ́kọ́ pín kíláàsì náà fún àwọn tí ó kù. Bí àgùnbánirọ̀ bá wà, òun ni a ó fà lé lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ó kọ́. Ìṣírò àti físíìsì ni ó sábà ń bọ́ sí i lọ́wọ́. Bí kò bá sí, Ẹgbẹ́ Òbí àti Olùkọ́, ìyẹn PTA, a dáwó gba ẹnì kan. Níbí ni ìwé ẹ̀rí ti ń rọlẹ̀ jù, nítorí owó táṣẹ́rẹ́ tí àwọn òbí lè dá kì í sábà mú ẹni tí ó ní NCE dúró pẹ́. Ìpalára rẹ̀ máa ń hàn nínú ìdánwò WAEC.

Ẹni tí PTA gbà kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọdún tí ó lò níbẹ̀ kò sí nínú ìṣirò owó ìfẹ̀yìntì, bí TESCOM bá sì ṣí ìgbanisíṣẹ́, òun náà yóò tò bí ẹni tuntun, pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí àti nọ́ńbà TRCN rẹ̀ lọ́wọ́.