Ohùn Píánò Láìsí Okùn: Ìtàn Ìsapá Àwọn Oníṣẹ́ Ọnà láti Ọdún 1700



Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ jẹ́ ọ̀rọ̀ dùùrù. Púpọ̀ nínú yín ti rí píánò tí kò ní okùn kankan nínú: pẹpẹ pẹlẹbẹ kan tí ènìyàn méjì lè gbé wọ inú ọkọ̀, tí a ń fi iná mànàmáná lò, tí àwọn olórin sì ń gbé lọ sórí ìtàgé. Ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ yóò gbọ́ ohùn píánò. Ṣùgbọ́n ẹni tí etí rẹ̀ ti mọ píánò gidi yóò dákẹ́ díẹ̀, yóò sì wí pé, “Ó jọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun.” Kí ni ó kù? Kí ni ohun tí ẹ̀rọ náà kò rí gbà? Ìbéèrè yìí ti gba ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ àwọn ọlọ́gbọ́n ní Yúróòpù, ní Amẹ́ríkà àti ní Japan. Bí àwa tí a ń lo ẹ̀rọ yìí kò bá mọ ìtàn rẹ̀, a ó máa dá a lẹ́bi fún ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, a ó sì máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tí ó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ ara wa.

I. Ohun tí píánò jẹ́ ní ti òtítọ́

Kí píánò tó dé, dùùrù tí ó wọ́pọ̀ ní ilé àwọn ọlọ́lá Yúróòpù ni èyí tí a ń pè ní hápísíkọ́ọ̀dù. Ìyẹ́ ẹyẹ tí a gé ní ṣóńṣó ni ó wà nínú rẹ̀, ìyẹ́ yìí ni ó sì ń ta okùn. Bí o fi agbára tẹ̀ ẹ́, bí o sì rọra tẹ̀ ẹ́, bákan náà ni yóò dún, nítorí pé ìyẹ́ kò mọ ọwọ́ tí ó rán an níṣẹ́. Ọkùnrin kan ará Padua, Bartolomeo Cristofori, tí a bí ní 1655, tí ó ń tọ́jú ohun èlò orin fún Ọmọba Ferdinando de’ Medici ní ìlú Florence, kò fi èyí ṣe ìtẹ́lọ́rùn. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹrù ààfin náà ti ọdún 1700, a rí dùùrù titun kan láti ọwọ́ rẹ̀, èyí tí ó lè dún jẹ́jẹ́ tí ó sì lè dún kíkankíkan.

Cristofori yọ ìyẹ́ kúrò, ó sì fi òòlù kékeré dípò rẹ̀. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ ni pé òòlù náà gbọ́dọ̀ bọ́ lọ́wọ́ igi ìtẹ̀ kí ó tó kan okùn; yóò gbá a, yóò sì padà sẹ́yìn lójú kan náà. Bí ó bá dúró sí ara okùn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò pa ohùn tí ó bí. Mẹ́ta nínú àwọn píánò rẹ̀ ni ó ṣẹ́kù di òní: ti 1720 wà ní New York, ti 1722 wà ní Rome, ti 1726 sì wà ní Leipzig. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ohun tí ó ya píánò sọ́tọ̀ ni pé ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́. Ẹni tí ó bá ń wá ohùn píánò tí kò wá ọwọ́, ó ti ṣìnà kí ó tó jáde nílé.

Lẹ́yìn ikú Cristofori, ohun èlò náà dàgbà. Ní 1825, Alpheus Babcock ní ìlú Boston gba ìwé àṣẹ fún férémù irin tí a dà ní odindi. Ní 1859, ilé iṣẹ́ Steinway ní New York gba tiwọn fún okùn tí ó dábùú ara wọn nínú píánò ńlá. Píánò ti òní ní igi ìtẹ̀ 88 àti okùn tó bí 230, fífà tí a fa okùn wọ̀nyí le sì tó ìwúwo 20 tọ́ọ̀nù. Fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ohùn rẹ̀, okùn mẹ́ta ni òòlù kan ń gbá lẹ́ẹ̀kan náà. Lábẹ́ wọn ni pákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà tí ó ń gba ìgbọ̀nrìrì okùn, tí ó sì ń fọ́n ọn káàkiri yàrá.

Ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí ojú kì í rí. Hermann von Helmholtz, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì, tẹ ìwé kan jáde ní 1863 nípa bí etí ṣe ń gbọ́ ohùn. Ó fi hàn pé ohùn kan ṣoṣo tí a gbọ́ kì í dá wà: ohùn ìyá ni, ó sì ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohùn ọmọ tí ń tẹ̀lé e lókè. Ó tún ní kí a fi ẹsẹ̀ gbé ohun tí ń pa okùn píánò lẹ́nu mọ́ sókè, kí a sì kọrin kíkan sínú rẹ̀. Nígbà tí a bá dákẹ́, píánò yóò dá wa lóhùn, yóò sì pe fáwẹ́lì tí a pè gan-an. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án; àwọn okùn tí ohùn wọn bá tiwa mu ni ó jí fúnra wọn. Nítorí náà, nígbà tí atẹdùùrù bá tẹ ohùn kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà lórí ìtẹ̀ ẹsẹ̀, kì í ṣe okùn mẹ́ta nìkan ni ó ń dún. Gbogbo ilé ni ó ń gbe e.

II. Nígbà tí iná mànàmáná dé

Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ láti fi iná mànàmáná sọ píánò di fífúyẹ́ ni pé kí a mú okùn dání, kí a sì yọ pákó kúrò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, Walther Nernst, ẹni tí a fún ní ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1920 nínú ìmọ̀ kẹ́místrì, bá àwọn ilé iṣẹ́ Bechstein àti Siemens ṣe irú píánò bẹ́ẹ̀ ní Berlin. Irin òòfà ni ó ń gbọ́ ìgbọ̀nrìrì okùn, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni ó sì ń sọ ọ́ jáde. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni a ṣe nínú rẹ̀. Ní 1976, ilé iṣẹ́ Yamaha ní Japan mú irú èrò bẹ́ẹ̀ padà wá nínú píánò kan tí wọ́n pè ní CP-70, èyí tí a lè pín sí méjì kí a fi gbé e lọ sí ìtàgé. Okùn gidi ni, òòlù gidi ni, ṣùgbọ́n etí ń mọ̀ pé pákó kò sí níbẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni ti Harold Rhodes ará Amẹ́ríkà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ ní píánò títẹ̀. Ẹni tí ó dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn kò lè dé ìdí píánò. Nítorí náà Rhodes kó ọ̀pá alumíníọ̀mù láti ara ọkọ̀ òfuurufú ogun, ó sì fi ṣe dùùrù kékeré onígi ìtẹ̀ 29 tí aláìsàn lè gbé lé itan. Láti inú iṣẹ́ àánú yìí ni píánò Rhodes ti jáde wá, nínú èyí tí òòlù ń gbá ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ dípò okùn. Ohùn rẹ̀ dùn bí agogo, àwọn olórin sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n ohùn píánò kọ́. Ó jáde láti wá ohùn ẹlòmíràn, ó sì bá tirẹ̀ pàdé lọ́nà.

III. Àṣìṣe tí ó jẹ́ ẹwà

Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n dá ìbéèrè náà dúró, wọ́n ní kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń wá. Ní 1962, Harvey Fletcher, Donnell Blackham àti Richard Stratton ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde nípa ohùn píánò. Wọ́n fi ẹ̀rọ ṣe ohùn tí ó jọ ti píánò, wọ́n sì ní kí àwọn ènìyàn, olórin àti ẹni tí kì í ṣe olórin, sọ èyí tí ó jẹ́ òtítọ́. Nígbà tí wọ́n to àwọn ohùn ọmọ lẹ́sẹẹsẹ ní ìbámu pẹ̀lú ìṣirò pípé, ohùn náà tutù, kò sì ní ìmí. Ìdí rẹ̀ ni pé okùn irin le. Ó ń kọ títẹ̀ díẹ̀, nítorí náà àwọn ohùn ọmọ rẹ̀ ń ga díẹ̀ ju bí ìṣirò ti wí lọ. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ni ó ń fún ohùn náà ní ọ̀yàyà. Ní 1977, Gabriel Weinreich ṣàlàyé ohun mìíràn: okùn mẹ́ta tí òòlù kan ń gbá kì í ṣe ọ̀kan náà gẹ́lẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pọ̀, wọ́n yára fún pákó ní agbára wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n ya ara wọn díẹ̀, ohùn tí ó kù sì ń pẹ́ kí ó tó kú. Ìdí nìyí tí ohùn píánò fi ń ṣubú kíákíá lákọ̀ọ́kọ́, tí ó sì ń rọra lọ lẹ́yìn náà.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ wo ohun ìyanu yìí! Ohun tí a bá pè ní àbùkù nínú ìwé ìṣirò, òun ni etí ń pè ní ẹ̀mí. Ẹ̀rọ kò kùnà nítorí pé ó burú jù. Ó kùnà nítorí pé ó gún régé jù.

IV. Gbígba ohùn sílẹ̀, àti ṣíṣẹ̀dá rẹ̀

Raymond Kurzweil ará Amẹ́ríkà ti ṣe ẹ̀rọ kan ní 1976 tí ń ka ìwé sókè fún afọ́jú. Olórin Stevie Wonder, tí kò ríran, rà á, àwọn méjèèjì sì di ọ̀rẹ́. Ní 1982, Wonder bi í léèrè bóyá a kò lè fi agbára kọ̀ǹpútà darí ẹwà ohùn àwọn ohun èlò àtijọ́. Èsì rẹ̀ ni dùùrù Kurzweil 250, tí ó jáde ní 1984. Inú rẹ̀ ni a ti gba ohùn píánò gidi sílẹ̀, tí a sọ ọ́ di nọ́ńbà, tí ó sì ń jáde nígbà tí a bá tẹ igi ìtẹ̀.

Ní 1983, kí dùùrù yẹn tó jáde, àwọn ilé iṣẹ́ ti fohùn ṣọ̀kan lórí èdè kan tí dùùrù fi ń bá dùùrù sọ̀rọ̀, èyí tí a ń pè ní MIDI. Nínú èdè yẹn, agbára ọwọ́ di nọ́ńbà láti 1 dé 127. Ohun ńlá ni, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ni, ọwọ́ ènìyàn kò sì ní ìpín.

Àyè ìpamọ́ wọ́n púpọ̀ nígbà náà. Nítorí náà a máa ń gba ohùn díẹ̀ sílẹ̀, a ó fi ọ̀kan bo ọ̀pọ̀ igi ìtẹ̀, a ó sì gé ìrù ohùn náà kí a máa yí i po lórí ara rẹ̀. Etí ń mọ̀. Ní 1998, ètò kọ̀ǹpútà kan tí a ń pè ní GigaSampler wá ọ̀nà láti máa ka ohùn tààrà láti inú àpótí ìpamọ́ ńlá, ó sì di ṣíṣe láti gba ohùn igi ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, ní jẹ́jẹ́ àti ní kíkan. Síbẹ̀, ohùn tí a gbà lọ́kọ̀ọ̀kan kò mọ ara wọn. Okùn kan kò jí èkejì bí Helmholtz ti rí i.

Nítorí èyí ni àwọn mìíràn fi kọ̀ láti gba ohùn sílẹ̀ rárá. Ní 2006, Philippe Guillaume, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé tí ó ti fi títún ohùn píánò ṣe ṣe iṣẹ́ rí, gbé Pianoteq jáde, nínú èyí tí kọ̀ǹpútà ń ṣe ìṣirò òòlù, okùn àti pákó ní ìṣẹ́jú tí a ń tẹ̀ ẹ́. Ní 2009, ilé iṣẹ́ Roland gbé V-Piano jáde ní irú ọ̀nà kan náà. Okùn inú ìṣirò lè jí okùn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wí pé igi àti yàrá inú ohùn tí a gbà sílẹ̀ dára jù. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ ọnà fi ń da ọ̀nà méjèèjì pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ dùùrù ti òní.

V. Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa

Bí píánò rẹ bá dún bí òkú lórí ìtàgé, máṣe kọ́kọ́ lọ ra òmíràn. Lọ bẹ̀rẹ̀ níbi tí Cristofori ti bẹ̀rẹ̀, èyíinì ni ọwọ́. Nínú ọ̀pọ̀ dùùrù wọ̀nyí, ètò kan wà tí ó ń sọ bí ọwọ́ ti gbọ́dọ̀ wúwo tó kí ohùn tó kan. Tún un ṣe títí jẹ́jẹ́ rẹ yóò fi jẹ́ jẹ́jẹ́ ní tòótọ́. Lo ìtẹ̀ ẹsẹ̀ tí ó mọ ìdajì, kì í ṣe èyí tí ó mọ bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan, kí ohùn lè ṣẹ́kù díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń ṣẹ́kù lára okùn. Bí ìdáhùn okùn sí okùn bá wà nínú ẹ̀rọ rẹ, ṣí i, ṣùgbọ́n ní ìwọ̀n.

Lẹ́yìn náà, rántí pákó. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni pákó dùùrù tí kò lókùn. Bí ó bá kéré, tí kò lè gbé ohùn ìsàlẹ̀, píánò tí ó dára jùlọ yóò di agolo. A sì máa ń gba ohùn píánò pẹ̀lú máíkì méjì, ti òsì àti ti ọ̀tún. Bí a bá da méjèèjì pọ̀ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn kan ṣoṣo, wọ́n lè máa pa ara wọn lápá kan, ohùn náà yóò sì dàbí èyí tí ó ti inú ìkòkò jáde. Ó sàn kí o lo ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, tàbí ohùn tí a ṣètò fún ẹ̀rọ kan.

Ìsapá tí ó ti ju 300 ọdún lọ ti kọ́ wa pé ohùn kì í gbé inú ohun kan ṣoṣo. Ó wà nínú ọwọ́, nínú irin tí ó kọ títẹ̀, nínú okùn tí ó gbọ́ ohùn ẹnìkejì rẹ̀ tí ó sì dáhùn, àti nínú igi tí ó gbé e jáde. Àwọn ọlọ́gbọ́n ti kó púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí wọ inú ẹ̀rọ. Ọ̀kan ni wọn kò lè kó wọ ibẹ̀, wọn kò sì gbìyànjú rẹ̀: ọwọ́ tìrẹ. Ẹni tí kò bá kọ́ ọwọ́ rẹ̀ ní jẹ́jẹ́ àti kíkan, bí a tilẹ̀ gbé píánò Florence fún un, hápísíkọ́ọ̀dù ni yóò máa tẹ̀.