Ògiri Vajont Dúró, Òkè Ló Ya

Ẹni tó bá gbọ́ pé ìsédò Vajont ní Ítálì pa nǹkan bí 2,000 ènìyàn yóò rò pé ó wó ni. Kò wó. Ògiri kọnkéré tí ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná SADE mọ dí odò Vajont láàárín àwọn òkè àríwá ìlà-oòrùn Ítálì, tí gíga rẹ̀ lé ní mítà 261, ṣì wà ní ìdúró dòní. Ẹ̀gbẹ́ òkè Toc ló ya. Ní alẹ́ ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá 1963, nǹkan bí mílíọ̀nù 270 mítà kúbíìkì àpáta já sínú adágún tó wà lẹ́yìn ògiri náà lẹ́ẹ̀kan náà. Omi ru kọjá orí ògiri, ó sì gbá ìlú Longarone lọ.

Mo kọ̀ láti ka èyí sí ìjàǹbá àìmọ̀. Ìmọ̀ wà nílẹ̀. Ní 1960, Edoardo Semenza, ọmọ ẹnjiníà tó ya àwòrán ògiri náà, ti ṣàlàyé pé ara òkè tó ti ya rí láyé àtijọ́ ni ẹ̀gbẹ́ adágún yìí. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, bí omi ṣe ń kún, 700,000 mítà kúbíìkì já bọ́, ilẹ̀ sì sán gbọọrọ lórí òkè fún nǹkan bíi kìlómítà méjì. Leopold Müller, onímọ̀ nípa àpáta tí SADE pè, ṣírò pé ohun tó ń rìn níbẹ̀ tó mílíọ̀nù 200. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n mọ àwòṣe adágún náà ní Nove láti dán ìgbì omi wò, mílíọ̀nù 40 ni wọ́n gbé kalẹ̀. Inú àwòṣe yẹn ni wọ́n ti rí i pé kò séwu bí omi bá wà ní mítà 700 sókè ìtẹ́jú òkun. Nǹkan bí ibẹ̀ náà ni omi wà lálẹ́ tí òkè ya.

Ohun tó tàn wọ́n jù ni pé òkè ti gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu rí. Lẹ́ẹ̀mejì ni wọ́n dín omi kù tí ìrìn rẹ̀ sì rọlẹ̀, wọ́n wá gbà pé ọwọ́ àwọn ni ìjánu wà. Ní 1963 wọ́n gbé omi dé bíi mítà 710. Nígbà tí wọ́n tún ń dín in kù, ìrìn òkè yára sí i ni, títí ó fi ń sún ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 lóòjọ́. Adágún lè fà kíákíá. Omi tó ti wọ inú òkè, láàárín àwọn ìpele amọ̀ àti òkúta ẹfun, kì í tètè jáde.

Àwọn ará Erto, abúlé tó wà nítòsí adágún náà, ti pariwo ṣáájú. Akọ̀ròyìn Tina Merlin kọ ìbẹ̀rù wọn sínú ìwé ìròyìn l'Unità ní 1959, wọ́n sì gbé e lọ sílé ẹjọ́ pé ó ń tan ìròyìn èké kálẹ̀. Oṣù Kọkànlá 1960, oṣù kan náà tí apá kan òkè já bọ́, ni ilé ẹjọ́ Milan dá a láre: kò rí irọ́ kankan nínú ohun tó kọ. Ìdájọ́ yẹn ìbá tó fún àwọn aláṣẹ láti dá omi dúró.