Omi Tó Ń Gan: Ìtàn Acrylate Láti Jámánì Dé Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó

Ẹni tó bá kúrò ní oríta Jubilee ní Ìkàrẹ́, tó gba Àkùngbá kọjá títí tó fi dé Ìwàrò-Ọ̀kà, yóò ti bá acrylate pàdé nígbà àìmọye kó tó dé ibi tó ń lọ, bí kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ náà rí. Ó wà nínú gúlù kékeré tí aránbàtà fi ń lẹ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà tí a fi ń kun ara ilé. Òun ni eyín àtọwọ́dá tí àwọn àgbà máa ń bọ́ sínú ife omi lálẹ́, òun náà sì ni omi olóòórùn líle tí àwọn tó ń fi èékánná sí obìnrin lọ́wọ́ ń dà sínú àwo kékeré. Kì í ṣe kẹ́míkà kan ṣoṣo. Ìdílé ńlá ni, àmọ́ ìwà kan so gbogbo ọmọ ìdílé náà pọ̀: omi ni wọ́n níbẹ̀rẹ̀, tí nǹkan kan bá sì ti ru wọ́n sókè, wọ́n á so mọ́ ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ inú okùn, wọ́n á gan pa.

Ọdún 1843 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Josef Redtenbacher, onímọ̀ kẹ́míkà ará Austria, rí ásíìdì kan mú jáde láti ara acrolein. Ẹni tó bá ń din àkàrà mọ acrolein dáadáa: ó wà nínú èéfín tó ń ta ni lójú, tó ń ta ni nímú, nígbà tí òróró bá jóná nínú agbada. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n lè fi ásíìdì náà ṣe. Otto Röhm, ọmọ Jámánì, ló fi í ṣe iṣẹ́ ìwádìí tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1901. Ní 1907, òun àti Otto Haas dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n awọ ni wọ́n kọ́kọ́ fi jẹun. Ìgbẹ́ ajá ni àwọn aṣawọ ìgbà náà fi ń mú kí awọ rọ̀, Röhm sì wá nǹkan mìíràn tó mọ́ jù ú lọ fún wọn. Owó ibẹ̀ ni ó fi ń bá ìwádìí rẹ̀ lọ. Ìgbà tí ọdún 1933 fi dé, wọ́n ti ní ohun kan tó mọ́ gaara bíi dígí, tí kì í sì í fọ́ yángá. Plexiglas ni wọ́n sọ ọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe tiwọn, wọ́n pè é ní Perspex. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ́ sílẹ̀, òun ni wọ́n fi ń bo orí àwọn awakọ̀ òfurufú ológun.

Ogun náà ló fi ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ yìí hàn. Harold Ridley, dókítà ojú ará London, kíyè sí i pé nígbà tí ìbọn bá ba ìbòrí ọkọ̀ òfurufú, tí èérún rẹ̀ sì wọ ẹyinjú awakọ̀, ojú náà kì í wú, kì í sì í kẹ̀. Èérún náà á kàn jókòó síbẹ̀ ni. Ọkùnrin yìí mọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ó ti ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí í ṣe Ghana òde òní, nígbà ogun, ó sì ṣèwádìí níbẹ̀ lórí àrùn tó ń fọ́ àwọn ará etídò lójú. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 1949, ó mú awò tín-ín-rín tí wọ́n fi irú nǹkan náà ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sínú ojú aláìsàn ní ilé ìwòsàn St Thomas'. Irú awò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣì ń fi sí ojú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nílẹ̀ wa nígbà tí nǹkan funfun bá bo ẹyinjú wọn.

Èyí tó ti gan tán kì í sábà bá ẹnikẹ́ni jà. Èyí tó ṣì jẹ́ omi ni ọ̀tá.

Láti ọwọ́ àwọn oníṣègùn eyín ni acrylate gbà dé ìka ọwọ́. Láti ìparí àwọn ọdún 1930 ni wọ́n ti ń fi omi methyl methacrylate, tí a ń pè ní MMA, àti lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ po eyín àtọwọ́dá. Ní àárín àwọn ọdún 1950, Frederick Slack, tó ń ṣiṣẹ́ eyín ní Amẹ́ríkà, fi irú àpòpọ̀ yìí tún èékánná tó kán ṣe. Bí iṣẹ́ èékánná ṣe di òwò nìyẹn. Kò pẹ́ tí ẹ̀sùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé: èékánná tó ń hú, ìka tó ń wú, awọ tó ń bó. Láàárín àwọn ọdún 1970, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, wọ́n sì lé àwọn ọjà èékánná tó jẹ́ kìkì omi MMA kúrò lórí àtẹ. Omi mìíràn, ethyl methacrylate, ló gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n MMA dínwó, ìdí sì nìyẹn tí kò fi kúrò lọ́jà pátápátá títí di òní.

A máa ń dá a mọ̀. Òórùn rẹ̀ le púpọ̀. Èékánná tí wọ́n fi ṣe máa ń le jù, asẹ́tóònù kì í fẹ́ yọ ọ́, nígbà tí nǹkan bá sì gbá a, kò ní tẹ̀, èékánná tòótọ́ ni yóò hú mọ́ ọn.

Láti 1999 tí wọ́n ti gbé yunifásítì kalẹ̀ sí Àkùngbá, èyí tí a mọ̀ sí Adékúnlé Ajásin lónìí, ni àwọn ọ̀dọ́bìnrin ti pọ̀ ní agbègbè yìí. Iṣẹ́ èékánná sì ń tà láti ibẹ̀ dé Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà. Iṣẹ́ ọmọlúàbí ni, mo sì bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń ṣe é. Ẹni tí ọkàn mi ń bá kẹ́dùn ni ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Oníbàárà yóò jókòó fún wákàtí kan tàbí méjì, yóò sì lọ. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni ó ń fa òórùn náà símú láti àárọ̀ dalẹ́, òun ló ń fọ búrọ́ọ̀ṣì, òun ló ń rẹ́ èékánná tí eruku rẹ̀ ń bù lu ojú. Bí omi náà bá ń kan awọ rẹ̀ léraléra, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ara rẹ̀ yóò kọ̀ ọ́: ìka á máa yún, á máa sán, ojú pàápàá lè wú. Tí ara bá ti kọ acrylate báyìí, títí ayé ni. Ó lè di ìṣòro nígbà tí ó bá fẹ́ dí eyín tó ti jẹ, tàbí tí dókítà bá fẹ́ lo sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi ń lẹ egungun. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, ẹgbẹ́ àwọn dókítà awọ ara ní Britain kéde pé nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ní Britain àti Ireland, ìdá 2.4 nínú ọgọ́rùn-ún ni ara wọn kọ ó kéré tán ọ̀kan nínú ìdílé yìí. Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣòfin pé ọwọ́ àwọn oníṣẹ́ nìkan ni kí HEMA, tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà èékánná oníná, máa wà.

Ìbọ̀wọ́ tín-ín-rín kò tó láti gbára lé, nítorí pé MMA máa ń la inú rẹ̀ kọjá láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ó bá ta sí i, kí á bọ́ ọ dànù, kí á fọ ọwọ́, kí á wọ òmíràn.

Gúlù tirẹ̀ ní ìtàn ọ̀tọ̀. Harry Coover ti ilé iṣẹ́ Eastman Kodak ló bá cyanoacrylate pàdé ní 1942, ó sì pa á tì nítorí pé gbogbo ohun tó bá kàn ló ń lẹ̀ mọ́. Ní 1951, òun àti Fred Joyner tún bá a pàdé. Ó di ọjà ní 1958. Omi díẹ̀ tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti lára nǹkan ló ń mú un gan. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń pẹ́ kó tó mú nígbà ọyẹ́, tó sì máa ń yá nígbà òjò. Ẹ má fi òwú nù ún. Tí ó bá kan òwú, ó máa ń gbóná kíákíá, ó sì lè jó awọ. Tí ìka bá lẹ̀ pọ̀, ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni oògùn rẹ̀, kí á rọra máa yí i, kí á má fà á ya. Tí ó bá ta sí ojú, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ púpọ̀ ni kí á fi ṣàn án, kí á má fi asẹ́tóònù kàn án rárá, kí á má sì fi ipá la ìpéǹpéjú. Kí á tètè gbéra lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìkàrẹ́ tàbí Ìwàrò-Ọ̀kà, tàbí sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀.

Ìpamọ́ ni ewu tó kù. Ní ìwọ̀n 10 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ooru tó ń jáde lára omi MMA ti lè gbaná, Àkókó kì í sì í tutù tó bẹ́ẹ̀. Ooru náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rìn, nítorí náà ó lè dé ibi tí jẹnẹrétọ̀ tàbí sítóòfù wà láìsí pé ẹnikẹ́ni rí i. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ ọn kó má baà gan nílò afẹ́fẹ́ kó tó lè ṣiṣẹ́. Ẹ má kún ike rẹ̀ dé ẹnu, ẹ má sì gbé e sínú oòrùn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, táńkì acrylic acid kan gbóná kọjá ààlà ní ilé iṣẹ́ Nippon Shokubai ní Himeji, Japan, ó sì bú gbàmù. Panápaná kan kú níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fara pa.

Ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìkàrẹ́ kún fún ọkọ̀ akẹ́rù. Tí táńkà bá ṣubú níbẹ̀, tí ẹ rí 1247 lára pátákó rẹ̀, MMA nìyẹn. Ẹ sá lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀, ẹ má gbé ike wá láti gbọ́n ọn.

Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ èékánná, ẹ ka ohun tó wà lára ike kí ẹ tó rà á, kí ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC. Ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ má da omi náà sínú ike omi mímu, nítorí àwọn ọmọdé. Ọmọ tí ìka rẹ̀ bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í yún, ẹ jẹ́ kó dá iṣẹ́ náà dúró ná, kó lọ rí dókítà.