Ògiri Abẹ́ Ilẹ̀: Ìtàn Àsopọ̀ Àwọn Ibùdókọ̀ Ojú Irin ní New York

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá di méjì, tí oníbodè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì jókòó sí ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, owó bodè méjì ni ẹni tí ó bá gba ọ̀nà méjèèjì yóò san. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ rí fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ìlú New York, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 1904 ni ilé iṣẹ́ aládàáni tí à ń pè ní IRT bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọkọ̀ kó èrò lábẹ́ ilẹ̀ ìlú náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ kejì dé, èyí tí a wá mọ̀ sí BMT. Nígbà tí ó di 1932, ìjọba ìlú fúnra rẹ̀ ṣí ẹ̀ka kẹta, tí wọ́n pè ní IND. Sẹ́ǹtì 5 ni owó ọkọ̀ lọ́dọ̀ olúkúlùkù wọn. Àmọ́ ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ IRT, tí ó sì fẹ́ wọ ti BMT, sẹ́ǹtì 5 mìíràn ni yóò san, ìbáà jẹ́ pé ògiri kan ṣoṣo ni ó wà láàrin ibùdókọ̀ méjèèjì.

Ohun kan tún mú kí ọ̀rọ̀ náà le sí i. Ọkọ̀ IRT kò fẹ̀ tó ti àwọn yòókù. Fífẹ̀ rẹ̀ kò pé ẹsẹ̀ bàtà 9, nígbà tí ti BMT àti IND tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10. Ọkọ̀ ńlá kò lè wọ ihò kékeré; bí ọkọ̀ kékeré bá sì wọ ihò ńlá, àlàfo yóò wà láàrin rẹ̀ àti pèpéle tí èrò ń dúró sí. Nítorí náà, èrò ni ó ní láti fi ẹsẹ̀ rìn láti inú ọkọ̀ kan lọ sínú èkejì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ abẹ́ ilẹ̀ nìkan ni ó lè sọ ilé mẹ́ta náà di agbo-ilé kan.

Àdéhùn tí ìlú bá àwọn ilé iṣẹ́ náà ṣe ní 1913 ti de owó ọkọ̀ mọ́ sẹ́ǹtì 5. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, gbogbo nǹkan gbówó lórí, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ kò kúrò lójú kan. Nígbà tí ó di 1932, IRT ti wọ gbèsè. Ní oṣù kẹfà ọdún 1940, nígbà tí Fiorello La Guardia jẹ́ olórí ìjọba ìlú, ìlú ra ilé iṣẹ́ méjèèjì. Oníbodè mẹ́ta wá di ẹyọ kan. Síbẹ̀, a kò tíì ká àwọn bodè náà kúrò.

Ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1948 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣí, nígbà ìjọba William O'Dwyer. Ní Times Square, fún àpẹẹrẹ, èrò lè gba inú ilẹ̀ kọjá láti ọ̀dọ̀ IRT sí BMT láìsan owó kejì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yìí kan náà ni owó ọkọ̀ di sẹ́ǹtì 10. Ẹni tí ó ń wọ ọkọ̀ méjì, sẹ́ǹtì 10 ni ó ń san tẹ́lẹ̀, sẹ́ǹtì 10 náà ni ó sì ń san lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí ó ń wọ ẹyọ ọkọ̀ kan ni owó rẹ̀ di ìlọ́po méjì. Ǹjẹ́ a lè pe èyí ní ọ̀fẹ́? Ẹrù ni a gbé kúrò lórí àwọn díẹ̀, tí a sì pín in fún gbogbo èrò. Síbẹ̀, ẹ̀tọ́ wà nínú rẹ̀, nítorí pé kò sí èrò kan tí ó bá wọn pa ààlà tí ilé iṣẹ́ méjì pa láàrin ara wọn.

Iṣẹ́ náà kò parí lọ́jọ́ kan. Ibùdókọ̀ IRT ní Bleecker Street àti ti IND ní Broadway–Lafayette Street fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ara. Ní 1957, a so wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n fún ìhà tí ọkọ̀ IRT ti ń lọ sí gúúsù nìkan. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ ọkọ̀ níbẹ̀ ní òwúrọ̀ kò lè gba ibẹ̀ padà ní ìrọ̀lẹ́ láìsan owó mìíràn. Ọdún 2012 ni a tó so ìhà àríwá mọ́ ọn, lẹ́yìn ọdún 55.

Ní 1997, káàdì ìsanwó tí à ń pè ní MetroCard mú kí èrò lè kúrò nínú ọkọ̀ ojú irin bọ́ sínú bọ́ọ̀sì láìsan owó kejì. Káàdì náà ṣe iṣẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni gbẹ́ ilẹ̀. Èyí fi hàn pé kì í ṣe amọ̀ tàbí àpáta ni ó kọ́kọ́ ya àwọn èrò New York nípá. Ìwé àdéhùn ni a fi mọ ògiri wọn. Ó sì di ìgbà tí a yí ìwé náà padà kí bíríkìlà tó rí àyè gbé òòlù.