Cape Verde: Ibo gan-an ló wà, ta ló ń gbé ibẹ̀, ṣé ọ̀nà Yúróòpù sì ni?

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù Cape Verde na Eswatini pẹ̀lú góòlù mẹ́ta sí òdo ní ìlú Praia, wọ́n sì pegedé fún ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 2026. Ìgbà àkọ́kọ́ wọn nìyẹn. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ orílẹ̀-èdè yìí ti ń jẹyọ lórí ayélujára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àhesọ ọ̀rọ̀ sì ti dà mọ́ òótọ́.

Bí ẹ bá ń lo Facebook, WhatsApp tàbí TikTok, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti bá irú ọ̀rọ̀ báyìí pàdé: pé apá kan Portugal ni Cape Verde, pé láti Dakar, èèyàn lè wọ mọ́tò dé ibẹ̀, pé ẹni tó bá ti fi ìwé ìrìnnà ECOWAS wọ ibẹ̀, ó ti wọ Yúróòpù nìyẹn. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló burú jù, torí pé owó ń bá a lọ, ẹ̀mí náà sì ń bá a lọ. Kí ẹ tó fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ná.

Ibo ló wà?

Inú Òkun Atlantic ni Cape Verde wà, ní ìwọ̀-oòrùn Sẹ̀nẹ̀gà. Láti Dakar dé Boa Vista, erékùṣù rẹ̀ tó sún mọ́ ilẹ̀ Áfíríkà jù lọ, tó nǹkan bí 570 kìlómítà, omi ni gbogbo rẹ̀. Kò sí afárá, kò sí títì. Mọ́tò kankan kò lè dé ibẹ̀, àfi tí wọ́n bá gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi. Bí ẹ bá fa ìlà tọ́ọ́rọ́ lórí àwòrán ilẹ̀ láti Èkó dé Praia, tí í ṣe olú ìlú rẹ̀, ó lé ní 3,000 kìlómítà.

Kì í ṣe erékùṣù kan ṣoṣo o. Mẹ́wàá ni wọ́n, àwọn sì ni ìràwọ̀ mẹ́wàá tó wà lára àsíá orílẹ̀-èdè náà dúró fún. Èèyàn ń gbé mẹ́sàn-án nínú wọn, Santa Luzia nìkan ló ṣófo. Àwọn ará ibẹ̀ pín wọn sí ọ̀nà méjì gẹ́gẹ́ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń fẹ́. Àwọn tó wà ní ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ni Santo Antão, São Vicente, Santa Luzia, São Nicolau, Sal àti Boa Vista. Àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ ni Maio, Santiago, Fogo àti Brava. Bí a bá kó ilẹ̀ gbogbo wọn pọ̀, ó jẹ́ 4,033 kìlómítà níbùú lóròó. Ó fi díẹ̀ ju Ìpínlẹ̀ Èkó lọ.

Orúkọ náà pàápàá ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Ohun tó túmọ̀ sí ní èdè Potogí ni ṣóńṣó ilẹ̀ aláwọ̀ ewé tó yọ sínú òkun. Ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé igbó ló kún ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣóńṣó ilẹ̀ tí wọ́n ń sọ kò sí ní Cape Verde rárá. Sẹ̀nẹ̀gà ló wà, òun ni ilẹ̀ tí ìlú Dakar jókòó lé lórí lónìí. Àwọn atukọ̀ Potogí ló sọ ọ́ lórúkọ torí ewéko tí wọ́n rí níbẹ̀, nígbà tí wọ́n sì rí àwọn erékùṣù tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n fi orúkọ kan náà pè wọ́n. Nítorí náà, tí ẹ bá rí fọ́tò Dakar tí wọ́n kọ Cap-Vert sí lára, ẹ má fi pe Cape Verde. Láti ọdún 2013 ni ìjọba ibẹ̀ ti ní kí gbogbo ayé máa pe àwọn ní Cabo Verde, láìtúmọ̀ rẹ̀ sí èdè mìíràn, àmọ́ Cape Verde ṣì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè é, òun la sì lò níbí.

Ilẹ̀ tí iná bí, tí òjò kì í tètè dé

Òkè ayọnáyèéfín ló hù láti ìsàlẹ̀ òkun tó di gbogbo erékùṣù yìí. Àwọn tó wà ní ìlà-oòrùn, ìyẹn Sal, Boa Vista àti Maio, ti gbó jù. Afẹ́fẹ́ àti omi ti jẹ òkè wọn tán, wọ́n wá tẹ́ pẹrẹsẹ, iyanrìn funfun ló bo etíkun wọn. Ibẹ̀ ni àwọn àlejò láti Yúróòpù ń lọ gbádùn oòrùn, ibẹ̀ náà sì ni ìjàpá òkun ń wá yé ẹyin sí. Iyọ̀ ni ìtumọ̀ orúkọ Sal. Wọ́n wa iyọ̀ níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ní Pedra de Lume, nínú kòtò òkè ayọnáyèéfín kan tó ti kú. Nígbà ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní Gúúsù Áfíríkà, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà kò jẹ́ kí ọkọ̀ òfuurufú wọn gba ojú ọ̀run àwọn kọjá, pápákọ̀ òfuurufú Sal ni wọ́n ti ń rọ epo.

Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn, òkè ló pọ̀. Santo Antão ga, àfonífojì rẹ̀ sì ń hù ewé. Wọ́n ń gbin ìrèké níbẹ̀, wọ́n sì ń pọn ọtí líle tí wọ́n ń pè ní grogue láti ara rẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú kì í balẹ̀ síbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi lẹ ó wọ̀ láti Mindelo.

Fogo ló wá yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Iná ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Òkè Pico do Fogo ga tó 2,829 mítà, òun ló ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè náà, kò sì tíì kú. Ó bú gbàmù ní 1951, ó tún bú ní 1995. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014, iná tún yọ, kò sì dáwọ́ dúró títí di oṣù Kejì ọdún 2015. Òkúta yíyọ́ tó ń ṣàn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bo abúlé Portela àti Bangaeira mọ́lẹ̀, ilé, ilé ẹ̀kọ́ àti oko. Wọ́n ti kó àwọn èèyàn kúrò kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Àmọ́ ilẹ̀ tí iná sun yẹn lọ́ràá. Èso àjàrà àti kọfí ń ṣe dáadáa nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí iná náà rọlẹ̀ tí àwọn ará abúlé fi padà wá, tí wọ́n ń kọ́ ilé tuntun lórí òkúta dúdú náà. Ẹ lè sọ pé orí wọn le, ṣùgbọ́n oko wọn ló wà níbẹ̀.

Ìṣòro tó ju iná lọ ni omi. Ojú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú aṣálẹ̀ Sàhárà ni Cape Verde wà, eruku ọyẹ́ tí ẹ mọ̀ yìí sì máa ń la òkun kọjá dé ọ̀dọ̀ wọn. Láàárín oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá ni òjò díẹ̀ máa ń rọ̀, ọdún mìíràn sì wà tí kì í rọ̀ tó nǹkan. Púpọ̀ nínú omi tí àwọn ará ìlú ń mu lónìí, omi òkun ni, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń yọ iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò. Bí òjò bá sì ya lójijì, ilẹ̀ gbígbẹ, olókùúta yẹn kì í lè fà á mu. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 2025, òjò ńlá rọ̀ sí São Vicente láàárín wákàtí díẹ̀, omíyalé sì pa èèyàn ní Mindelo.

Àwọn wo ló ń gbé ibẹ̀?

Nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ni wọ́n. Kí ẹ lè mọ bó ṣe kéré tó, ní ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba ìbílẹ̀ Alimọ̀ṣọ́ nìkan ní Èkó ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. Ó lé ní ìdajì wọn tó ń gbé erékùṣù Santiago, níbi tí Praia wà.

Nígbà tí àwọn Potogí débẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1460, wọn kò bá ẹnì kankan. Ní 1462 ni wọ́n tẹ Ribeira Grande dó sí Santiago, ìlú tí wọ́n ń pè ní Cidade Velha báyìí, tí UNESCO sì fi sí ara àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2009. Òwò ẹrú ló sọ ọ́ di ìlú. Wọ́n ń kó àwọn èèyàn wá láti etíkun tó di Sẹ̀nẹ̀gà àti Guinea-Bissau lónìí. Wọ́n ta àwọn kan lọ sí Amẹ́ríkà, àwọn kan sì kú síbẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ oko. Àwọn ẹrú wọ̀nyí àti àwọn Potogí ni àwọn ará Cape Verde òde òní ṣẹ̀ wá. Èdè Potogí ni ìjọba ń lò, ṣùgbọ́n Kriolu ni wọ́n ń sọ nílé, lọ́jà àti nínú orin. Kriolu yẹn ni Cesária Évora, ọmọ Mindelo, fi kọrin títí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n kí ó tó kú ní 2011.

Ọ̀dá ló fọ́n wọn káàkiri. Ìyàn tó mú ní àárín ọdún 1940 sí 1949 pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀pọ̀, lábẹ́ ojú ìjọba Portugal. Àwọn mìíràn lọ ṣiṣẹ́ oko kòkó ní São Tomé, iṣẹ́ tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹrú. Kí ó tó di ìgbà náà, àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó ń pa àbùùbùtán ti máa ń yà ní Brava láti gba òṣìṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe di ará New Bedford ní Massachusetts. Àwọn mìíràn wà ní Lisbon àti Rotterdam. Ohun tí gbogbo èèyàn gbà ni pé àwọn ọmọ Cape Verde tó wà lẹ́yìn odi pọ̀ ju àwọn tó wà nílé lọ.

Ẹ lè rí i lára ikọ̀ bọ́ọ̀lù náà. Ìlú Dublin ni wọ́n ti bí Roberto Lopes tó ń gbá ẹ̀yìn fún wọn. Orí LinkedIn ni olùkọ́ni wọn ti kọ̀wé sí i, ní èdè Potogí. Lopes kò gbọ́ èdè náà, ó rò pé iṣẹ́ àwọn onígbàjúẹ̀ ni, ó sì fi í sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan kí olùkọ́ni náà tó tún kọ̀wé sí i ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. (A kò lè dá a lẹ́bi.) Àwọn kan sì ń sọ pé Cape Verde ló kéré jù lọ nínú gbogbo orílẹ̀-èdè tó tíì dé Ife Àgbáyé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iceland tó lọ ní 2018 kò ní èèyàn tó wọn, Curaçao tó pegedé ní oṣù Kọkànlá 2025 sì kéré jù wọ́n lọ ní ilẹ̀ àti ní èèyàn.

Ṣé Portugal ló ni ín? Ṣé ọ̀nà Yúróòpù ni?

Rárá ni ìdáhùn sí méjèèjì. Ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1975 ni Cape Verde gba òmìnira. Ẹgbẹ́ tí Amílcar Cabral dá sílẹ̀ ló jà fún un, òun fúnra rẹ̀ kò sì rí i, torí pé wọ́n pa á ní Conakry ní oṣù Kìíní 1973. Orílẹ̀-èdè náà kò sí nínú àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù, kò sì sí lábẹ́ físà Schengen. Owó wọn ni escudo. Wọ́n so iye rẹ̀ mọ́ ti euro, àmọ́ kì í ṣe euro. ECOWAS ni wọ́n wà, àwọn nìkan sì ni orílẹ̀-èdè erékùṣù tó wà nínú rẹ̀.

Lábẹ́ àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979, ọmọ Nàìjíríà lè wọ Cape Verde láìgba físà, kó sì lo tó 90 ọjọ́. Òótọ́ nìyẹn. Àdéhùn kan náà sì fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láṣẹ láti dá ẹni tí òfin ìwọlé wọn kò gbà padà.

Ibi tí irọ́ ti wọ ọ̀rọ̀ náà ni pé láti ibẹ̀, Yúróòpù ò jìnnà mọ́. Ẹ wo àwòrán ilẹ̀. Erékùṣù Canary ti Sípéènì ni ilẹ̀ Yúróòpù tó sún mọ́ wọn jù, ó sì lé ní 1,200 kìlómítà sí àríwá. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ láti àríwá ìlà-oòrùn ló ń fẹ́, ìṣàn omi òkun sì ń lọ sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ kékeré lọ sí Canary ń dojú kọ méjèèjì.

Ohun tí afẹ́fẹ́ àti omi yẹn ń ṣe kò fara sin. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ọdún 2023, ọkọ̀ igi ìpẹja kan gbéra ní Fass Boye ní Sẹ̀nẹ̀gà pẹ̀lú èèyàn 101, Canary ni wọ́n ń lọ. Ó lé ní oṣù kan kí ọkọ̀ àwọn apẹja Sípéènì kan tó rí wọn ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ, nínú agbami tó jìnnà sí Sal. Èèyàn 38 ló ṣẹ́kù láàyè, wọ́n sì gbé wọn dé Sal. Ó lé ní 60 tó ti bá a lọ. Àwọn ọkọ̀ mìíràn kì í tilẹ̀ rí Cape Verde bá pàdé. Ní oṣù Karùn-ún 2021, wọ́n rí ọkọ̀ kan tó ti Mauritania wá ní etí omi Tobago, ní òdìkejì Òkun Atlantic, òkú nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní kí ẹ san owó, pé òun yóò ti Praia tàbí Mindelo gbé yín kọjá, ẹ ní kó fi ọ̀nà náà hàn yín lórí àwòrán ilẹ̀, kó sì sọ iye ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò lò lórí omi. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ló ní ẹ ó wọ̀, lóòótọ́ ni ọkọ̀ ń ti Sal àti Praia lọ sí Lisbon, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó jẹ́ kí ọmọ Nàìjíríà wọ̀ ọ́, físà Schengen tí wọ́n ń béèrè ní pápákọ̀ Murtala Muhammed ní Ìkẹjà náà ni wọn yóò béèrè níbẹ̀.